Irin Kan Nínú Oko Kòkó

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ìyá mi ti múra tán, tó gbé báàgì lé itan. Abọ́ onídèérí kan ló wà nínú rẹ̀, èyí tó fẹ́ fi bu erùpẹ̀ orí sàréè bàbá rẹ̀ wálé. Àbúrò mi ọkùnrin ti gbẹ́ kòtò kékeré sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Àkúrẹ́, níbi tí a máa rì í sí. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ẹni la ti ń sinmi. Ṣùgbọ́n inú igbó Oǹdó ni wọ́n sin bàbá yìí sí nígbà tí ìyá mi wà lọ́mọdé, lẹ́bàá ojú irin rélùwéè.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti bá a jiyàn rí pé rélùwéè kò dé agbègbè wa.

"Kì í ṣe ti ìjọba," ló wí. "Ti òyìnbó onígẹdú ni. Kò gùn. Láti inú igbó sí etí títì ni, níbi tí lọ́rì ti ń gba igi."

Ìrókò àti ọ̀gànwó ni wọ́n fi ń kó, àti òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ló ń di bíréèkì ọkọ̀ irin náà mú. Ìtì igi kan já lù ú lọ́jọ́ kan, ó sì kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé irin rélùwéè, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ níbi orí sàréè rẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà la san lẹ́nì kọ̀ọ̀kan dé Oǹdó. Mo ra bọ̀ọ̀lì ní Òwènà, ó gbóná, ó dùn. Ìyá mi kò fẹnu kàn án. A kọjá Bọ́lọ́rundúró, a dé Oǹdó, a gun ọ̀kadà méjì wọ ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tó lọ sí abúlé tí wọ́n ń pè ní Kámpù. Ọ̀nà náà tọ́ gbọọrọ, kò jọ ọ̀nà oko.

"Mọ́mì, ẹ dì mí mú dáadáa o!" ni ọlọ́kadà pariwo.

"Orí ojú irin bàbá mi lo wà yẹn," ni ìyá mi dá a lóhùn.

Ní Kámpù, a kò rí irin kankan. Àgbàlagbà ọkùnrin kan sọ fún wa pé àwọn tó ń ra irin àlòkù ti hú gbogbo rẹ̀ lọ. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbáà. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Àfi èyí tó wà lóko Ìyá Àdùkẹ́," ni ọkùnrin náà wí. "Ìyá náà kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án."

Irin náà dúró láàárín kòkó, wọ́n ṣán ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìyá Àdùkẹ́, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́, jáde wá pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ìyá mi bi í léèrè bóyá ó mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

"N ò mọ̀ ọ́n o. Ìyá ọkọ mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Tí mo bá ń ṣán oko, mo máa ń ṣán tiẹ̀ náà, mo sì máa ń kí i. Mo ní àwọn èèyàn rẹ̀ á wá." Ó wo ìyá mi. "Ẹ kàn pẹ́ díẹ̀ ni."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á. Ìyá Àdùkẹ́ nawọ́ sí sàréè kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà. "Ọkọ mi nìyẹn. Mo ní kí wọ́n sin ín síbẹ̀, kí àwọn méjèèjì máa bára wọn sọ̀rọ̀."

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó di irin náà mú, ó pe bàbá rẹ̀, ó dárúkọ ara rẹ̀ fún un. Ó ṣí abọ́ rẹ̀. Ó wo sàréè méjèèjì títí, ó sì dé e padà.

Ìrọ̀lẹ́ la délé. Àbúrò mi bọ́ fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́, ó ṣí i. Ìgbín ló bá níbẹ̀, ẹ̀bùn Ìyá Àdùkẹ́.

"Mọ́mì, erùpẹ̀ dà?"

"Bàbá mi ti ní ulé níbẹ̀. Dí kòtò rẹ."

Mo ti rò pé ẹni tó sọnù la lọ mú wálé. Kò sọnù rárá. Àwa ni kò mọ̀nà.

Kí n tó bọ́ bàtà, ìyá mi ti ń rán mi níṣẹ́: kí n ra àdá fún òun lọ́jà Ọba tí ilẹ̀ bá mọ́.

"Ìyá Àdùkẹ́ ti bá mi ṣán ìdí irin yẹn tó," ló wí.