Ta Ló Ní Ẹnì Kan Kò Dín?

Olùkọ́ kan kú lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé-ìwé tó wọlé. Lọ́jọ́ kejì tí ilé-ìwé wọlé, wọ́n pín ìwé ìròyìn ilé-ìwé náà fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n mú un lọ fún àwọn òbí wọn. Gbólóhùn tó ṣíde rẹ̀ nìyí: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú wa padà sẹ́nu iṣẹ́ láyọ̀. Olùkọ́ pé, akẹ́kọ̀ọ́ pé, ẹnì kan kò dín."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún un kà. Obìnrin tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ni ní ilé-ìwé yẹn ti wà nínú ilẹ̀, erùpẹ̀ orí sàréè rẹ̀ kò tíì gbẹ, wọ́n ní ẹnì kan kò dín. Ẹ yí ìwé náà sẹ́yìn, níbi tí wọ́n máa ń kọ ohun àdúrà sí, ẹ ó tún rí èyí: "Ẹ gbàdúrà fún olùkọ́ kan tí ara rẹ̀ kò yá." Olùkọ́ ọ̀hún náà ni. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, nínú ìsìn ilé-ìwé, gbogbo ọmọ dijú, wọ́n ní kí Ọlọ́run wò ó sàn, wọ́n sì ṣe àmín tó ròkè lálá.

Àbúrò mi obìnrin, tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìwé kẹta níbẹ̀, ló mú ìwé náà wá bá mi. Ọmọ náà ti bi í pé, "Mọ́mì, ṣé Àǹtí Ìròyìn ni wọ́n ní ká gbàdúrà fún? Ṣebí wọ́n ti sin wọ́n?"  Àbúrò mi na ìwé náà sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orí àwọn èèyàn yìí pé báyìí?" Mo ní kó má bú àwọn èèyàn Ọlọ́run. Nígbà tí mo kà á tán, èmi fúnra mi bú wọn.

Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bú wọn, torí ilé-ìwé tí mo ti kàwé ni. Ilé-ìwé ìjọ ni, kékeré, iyàrá mẹ́fà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Pákó ni wọ́n fi pín ìwé kẹta àti ìwé kẹrin níyà, débi pé àwọn ti ìwé kẹta máa ń mọ ìṣirò ìwé kẹrin sórí kí wọ́n tó gòkè débẹ̀. Àǹtí Ìròyìn ló ń kọ́ ìwé kẹrin. Àwa ọmọ la sọ ọ́ ní orúkọ yẹn nítorí ìwé ìròyìn tó ń kọ lóṣooṣù, ewé ìwé kan péré, ojú méjèèjì. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà yẹn tó kéré jù fún un. Bí ológbò ṣọ́ọ̀ṣì bá bímọ sábẹ́ àga ìwàásù, ẹ máa kà á. Ó máa ń ki pẹ́ńsù bọ irun, á máa wá a kiri, àwa á sì máa rẹ́rìn-ín. Bí a bá sáré wá sọ nǹkan fún un, ohun mẹ́ta ló máa bi wá: "Ta ni? Kí ló ṣe? Nígbà wo?" Bí o kò bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, padà lọ bèèrè.

Ọdún tí mo wà ní ìwé kejì, àwa mẹ́fà la sáré ìje. Bàtà mi kan bọ́ lójú ọ̀nà, n kò dúró mú un. Àǹtí kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ọmọ kan sáré dé ìdí okùn pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ṣe ìkarùn-ún, kò sì jókòó sójú ọ̀nà. Ìyá mi ká ìwé náà sínú Bíbélì rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo rí i níbi tó máa ń pè ní Àtúnṣe: "Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, a sọ pé ó ṣe ìkarùn-ún. Àṣìṣe ni. Ìkẹfà ló ṣe." Mo sunkún lọ bá a. Ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, tí mo bá parọ́ tó dùn mọ́ ẹ lónìí, tí mo bá wá kọ òótọ́ nípa ẹ lọ́la ńkọ́, ta ló máa gbà á gbọ́?" Iṣẹ́ akọ̀ròyìn tí mò ń ṣe lónìí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Kí ló wá pa á? Ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ ni, ló jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ tó ro gbogbo rẹ̀ fún mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, ìyá rẹ̀ ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan lọ́mú. Ó lọ rí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kọ̀wé fún un sí ilé ìwòsàn ńlá, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má fi falẹ̀. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìkan ni dókítà tó ń wo irú rẹ̀ máa ń gba aláìsàn. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà ni ìsìn ilé-ìwé, Àǹtí nìkan ló sì mọ dùùrù tẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó wà láàárín obìnrin yìí àti ẹ̀mí rẹ̀ kò ju Ọjọ́bọ̀ kan lọ.

Ó lọ tọrọ Ọjọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Akọ̀wé tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì gbọ́ ọ. "Màámi, ẹ jẹ́ ká ṣe ìdíje eré ìje yìí tán ná," ni ọ̀gá wí. Wọ́n ṣe eré ìje tán, ó padà lọ. "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka Sáàmù wọn sórí tán níwájú bíṣọ́ọ̀bù." Wọ́n kà á tán. "Ẹ̀yin náà, Kérésì ti dé tán! Ta ló máa bá wa tẹ dùùrù?" Ìgbà kẹrin tó lọ, ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn ló kù. Ọ̀gá kò tilẹ̀ bínú sí i. Akọ̀wé ní ṣe ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ń pè é ní òpó ilé-ìwé. Ṣé ẹ rí òpó, wọn kì í bi í bóyá ẹ̀yìn ń ro ó.

Kí ló dé tí kò lọ láìgbàṣẹ? Mo bi ọmọ rẹ̀. Ó dá máṣíìnì dúró, ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ màámi. Ẹni tí kì í fi òwúrọ̀ kan pẹ́ ni. Wọ́n ní bí àwọn bá jí ọjọ́ kan, kí làwọn máa sọ fún ọmọ tó bá sá nílé-ìwé?" Ó já òwú ẹnu abẹ́rẹ́, ó ní, "Èmi ni ǹ bá wọ́ wọn lọ. Mi ò wọ́ wọn." 

Mo kó gbogbo ìwé ìròyìn ọdún yẹn jọ, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì. Èèyàn máa rò pé ayọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ti oṣù Kérésì ní orin dùn, ìjókòó kún, "àmọ́ ó dà bíi pé ó rẹ dùùrù díẹ̀ nígbà tí a dé orin kẹrin." Mo fi han ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Dùùrù kọ́ ló rẹ̀."

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún tuntun ni ohun àdúrà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Olùkọ́ kan tí ara rẹ̀ kò yá. Oṣooṣù la ń rí i. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbàdúrà fún olùkọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ ń tẹ dùùrù sí àdúrà náà, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó bèèrè ìbéèrè tó fi kọ́ wa ní ìwé kẹrin: ta ni?

Àbí wọ́n mọ̀ ọ́n? Nígbà tí mo dé ilé-ìwé náà, akọ̀wé wò yíká, ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó yọ ìwé kan tí Àǹtí fọwọ́ kọ. Ohun tó kọ ní kíkún ni pé: "Ẹ gbàdúrà fún olùkọ́ kan tí ara rẹ̀ kò yá, kí ó lè rí àyè lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan láti lọ rí dókítà." Bírò pupa ti fa ìlà gba orí ìdajì tó kẹ́yìn. Nínú ọgbà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi bírò pupa wo ìwé ìròyìn kó tó jáde.

Akọ̀wé ní, "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n bá fún mi ni mò ń tẹ̀. Ẹ má bínú." Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Odidi ni obìnrin yìí kọ sílẹ̀. Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ààbọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, tí ilé-ìwé ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, Àǹtí dé ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi í pé, "Màmá, ibo lẹ wà látọjọ́ yìí?" Ó ní, "Ilé-ìwé ni mo wà." Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà tó fi kú. Ní ẹ̀gbẹ́ sàréè, ọ̀gá kan náà dìde, ó ní òṣìṣẹ́ olóòótọ́ ni, ẹni tí kò tọrọ ìsinmi ọjọ́ kan rí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tọrọ rẹ̀! Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ère tí ẹ gbẹ́ fún tiwa yìí, irọ́ lẹ fi gbẹ́ ẹ.

Mo lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fún mi ní ìjókòó, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Olúwa fi fún ni, Olúwa sì gbà lọ," ni ó wí. Mo bi í pé, "Ẹ̀yin sà, ṣé Olúwa náà ló gba Ọjọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn?" Ó tún ìwé orí tábìlì rẹ̀ tò. Ó ní ti ìwé ìròyìn yẹn, àṣìṣe akọ̀wé ni: kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ bíi ti olóògbé, ni akọ̀wé bá mú ti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kẹta, ó yí déètì rẹ̀ padà, ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti fún un níwèé pé kó wá wí tẹnu rẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, àwọn wọ̀nyí ń gé ìka tó tẹ̀wé, ọwọ́ tó di bírò pupa mú ń bọ àwọn òbí lọ́wọ́ lẹ́nu géètì.

N kò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ Àǹtí sọ iyàrá kankan, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ti dákẹ́ fún un tó. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ tẹ́ ẹ ni ilé-ìwé yìí, ẹ fa ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n fún akọ̀wé yẹn ya. Ẹ pe ọ̀gá jókòó níwájú àwọn òbí, kó ṣàlàyé bírò pupa rẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùkọ́ tí nọ́ọ̀sì bá ní kó lọ rí dókítà máa lọ lọ́sẹ̀ náà, ìbáà jẹ́ Kérésì, ìbáà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló ń bọ̀. Bí ìsìn kò bá ní dùùrù lọ́jọ́ náà, ẹ fi ẹnu kọrin.

Ẹ ní kò sí ẹni tó mọ ìwé ìròyìn kọ bíi tiẹ̀. Ó kọ́ èmi. Ẹ mú èyí, ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé kìn-ín-ní oṣù tó ń bọ̀:

"Àtúnṣe. Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, a sọ pé ẹnì kan kò dín. Àṣìṣe ni. Ẹnì kan dín. Olùkọ́ ìwé kẹrin ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tọrọ Ọjọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ wa, a kò fún un."