Nígbà tí Màmá Fẹ́ Rí Kọ́ríńtì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, Bódìjà kò tíì kún báyìí. Náírà ṣì níyì. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ gidi ní Dúgbẹ̀ lè jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ kó ní òun fẹ́ kó ìyàwó àtọmọ lọ sókè òkun fún ìsinmi, kò sì sẹ́ni tó máa fi í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ni bàbá mi ní báńkì kan. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, bàbá mi àti ọ̀rẹ́ wọn kan níbi iṣẹ́ pinnu pé ìdílé méjèèjì yóò jọ lọ lo ìsinmi ní orílẹ̀-èdè Gíríìsì. Bí a bá ti jẹun tán, bàbá mi á tẹ́ máàpù sórí tábìlì, wọ́n á máa fi ìka tọ etí òkun: ibí la ó ti lúwẹ̀ẹ́, ibí ni àwọn òpó òkúta ayé àtijọ́ wà, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé wa dé erékùṣù yẹn. Inú àwa ọmọ á máa dùn, a ò ní fẹ́ lọ sùn.

Ìyá bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìyá aláṣọ funfun ni wọ́n, ilà gọ̀ǹbọ́ hàn kedere ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, Agbowó ni ìjọ wọn wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá gbọ́ tí bàbá mi dárúkọ Kọ́ríńtì.

"Ṣé Kọ́ríńtì tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí nìyẹn?"

"Òun náà ni, Màmá."

Màmá kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Olúwa, o ṣeun! Ojú mi yìí náà ni yóò rí Kọ́ríńtì!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ká máàpù. Wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ni Màmá bá bẹ̀rẹ̀ ìmúra. Wọ́n dá sùtánà tuntun, wọ́n ra súwẹ́tà, nítorí wọ́n gbọ́ pé òtútù ń mú nínú ọkọ̀ òfurufú. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ìyá mi ń bẹ bàbá mi pé kí wọ́n là á mọ́lẹ̀ fún Màmá pé kò sí wọn nínú ètò náà. "Màá sọ fún wọn," ni bàbá mi máa ń wí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní kíṣìnnì nígbà tí mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti yàrá: "Kí ni kí n wí fún ọ̀rẹ́ mi? Wọn ò gbọ́ òyìnbó. Ká jọ wọ òtẹ́ẹ̀lì tàwọn ti ilà gọ̀ǹbọ́ yẹn?" Nígbà tí Màmá bu oúnjẹ fún mi lálẹ́, n ò lè wò wọ́n lójú.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan. Ọ̀rẹ́ bàbá mi àti ìyàwó rẹ̀ wà ní pálọ̀ wa, wọ́n ń ṣètò ìrìnàjò, ni àwọn ará ìjọ Màmá bá fi orin wọlé tàwọn ti agogo àti àbẹ́là. Wọ́n wá gbàdúrà ìrìnàjò fún Màmá ni. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, alàgbà wọn kọjú sí bàbá mi.

"Ọ̀gá, ọjọ́ wo lẹ máa dá ìyá wa padà fún wa, ká lè mọ ìgbà tí a ó ṣe ìdúpẹ́?"

Bàbá mi na ọwọ́ sí máàpù orí tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ọ̀rẹ́ wọn wò wọ́n. "Màmá náà ń lọ ni? O ò wí fún mi."

Màmá wo ojú ọmọ wọn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí ohun tó wà níbẹ̀. Ìyá tó bí ọmọ kì í ṣi ojú rẹ̀ kà.

"Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú," ni Màmá wí. "Èmi ni n ò tètè sọ fún yín. Orúnkún mi ò ní jẹ́ kí n lè lọ. Ọmọ mi bẹ̀ mí títí, èmi ni mo kọ̀."

Màmá tí kì í purọ́ nítorí iyọ̀! Wọ́n dìde, wọ́n sin àwọn ará ìjọ dé gééètì, wọ́n ń rìn ṣánṣán. Gbogbo wa ní pálọ̀ ló rí i pé kò sóhun tó ṣe orúnkún kankan. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kó ìwé rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ dágbére, wọ́n lọ.

Bàbá mi wọ yàrá lọ bá Màmá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwa ọmọ dúró sí kọ́rídọ̀.

"Dìde," ni Màmá wí. "Mo ti dárí jì ọ́. Àmọ́ ojú mi tí ò ń tijú rẹ̀ yìí, òun lo kọ́kọ́ rí nígbà tí o dáyé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹkún bàbá mi.

Bàbá mi ní kí ọ̀rẹ́ wọn máa lọ, pé lọ́dún tó ń bọ̀ àwa àti Màmá la ó jọ lọ. Wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé ìrìnnà Màmá. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó pé, náírà já wálẹ̀, owó ọkọ̀ òfurufú sì kọjá agbára wa. Màmá ò rí Kọ́ríńtì títí wọ́n fi kú. Àwa náà ò rí i. Ohun tí bàbá mi rí ṣe ni pé, ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé Màmá lọ sí Agbowó, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á jókòó tì wọ́n láàárín àwọn aláṣọ funfun.

Ayé ti yí padà. Kò sẹ́ni tó ń kọlà sójú ọmọ mọ́, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí sì ń gbé ìyá yín lọ sí Kánádà, lọ sí Jerúsálẹ́mù, ẹ ń fi fóònù ya fọ́tò wọn. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé pápákọ̀ òfurufú, tí mo rí ìyá àgbà onílà kan tí ọmọ rẹ̀ ń tì lórí àga onítáyà, tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń bá a wé gèlè, tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni, inú mi a dùn sí i, ojú a sì tún máa tì mí bíi ti alẹ́ tí Màmá bu oúnjẹ fún mi. Màá sún sẹ́yìn kí wọ́n kọjá.