Ọ̀pẹ Tó Mọ Ibi Tí Omi Dé

Imú ni mo fi kọ́kọ́ mọ̀ pé oko ti bàjẹ́. Kí a tó dé etí odò ni òórùn ẹ̀gẹ́ jíjẹrà ti pàdé wa lọ́nà, ó ń rùn bí omi fùfú tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. Yèyé, bí a ṣe ń pe ìyá tó bí ìyá mi ní Ayépé, kò dúró. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú ẹrẹ̀, ó fa ẹ̀gẹ́ kan tu. Gbogbo rẹ̀ ti rọ̀ wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀.

"Háà! Omi yìí ò ṣeun o," ló wí. Ó sì fa èyí tó kàn.

Omi náà ti wó ahéré tí Yèyé ti ń yan gàrí pẹ̀lú, ìrànlọ́wọ́ olóore la wá ń dúró dè. Rédíò ní ìjọba máa fún àgbẹ̀ tí omíyalé bà lóko jẹ́ lówó ìrànwọ́. Yèyé ti mọ ohun tó máa fi tiẹ̀ rà: páànù tó máa fi bo ahéré tuntun. Àràárọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ibẹ̀. Èmi náà á tẹ̀lé e, màá máa béèrè: páànù mélòó? Ṣé ó máa pariwo tí òjò bá ń rọ̀?

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ẹnu rẹ kì í sinmi ni?"

Bàbá tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà kìlọ̀ fún un. "Ìyá, ẹ fi oko yín sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ìjọba lè fojú ara wọn rí i."

Yèyé rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìjọba ló máa bá mi sọ fún igi ẹ̀gẹ́ pé kó má gbẹ?"

Ó ti lọ tọrọ igi ẹ̀gẹ́ tí yóò gbìn, igi náà sì ti wà lẹ́yìnkùlé. A kó ẹ̀gẹ́ jíjẹrà dànù, a kọ ebè, a gbìn. Mo ṣì ń gbọ́ bí ọkọ́ rẹ̀ ṣe ń dún nínú ilẹ̀ tútù yẹn.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba méjì fi máa gun ọ̀kadà dé, ẹ̀gẹ́ wa ti yọ ewé. Ọ̀kan gbé fóònù sókè kó ya fọ́tò, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Màmá, ibo gan-an ni omi ti bà jẹ́?"

"Gbogbo ibi tí ẹ dúró sí yìí ni, ọmọ mi."

Ó wo ebè tó tò lọ rẹrẹ. "Màmá, ẹ má bínú. Ohun tí a bá rí la máa kọ."

Wọ́n kọjá sí oko bàbá yẹn, wọ́n ya fọ́tò títí. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó máa gba owó, a gbọ́ tiẹ̀, a ò gbọ́ ti Yèyé.

Inú bí mi débi pé n ò jẹun. "Yèyé, kí ló dé tí ẹ ò fi í sílẹ̀?"

"Ara mi ò gbà á," ló wí. Ó fà mí lọ sídìí ọ̀pẹ kan láàárín oko, ó na ọwọ́ mi sókè, ó fi kan ẹrẹ̀ gbígbẹ lára igi náà. Ó ga ju orí mi lọ. "Ibi tó dé rèé. Ilẹ̀ nìkan ni wọ́n wò."

Imọ̀ ọ̀pẹ ló padà fi bo ahéré náà. Tí òjò bá ń rọ̀, a ó gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò. Ibẹ̀ ló ti ń yan gàrí títí tó fi kú, ó sì ń dùn mí di òní.

Èmi náà ti di òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ìwé kiri oko báyìí. Tí mo bá dé oko tí omi wọ̀, n kì í kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Láìpẹ́ yìí, lọ́nà Odogbolu, a dé oko bàbá àgbàlagbà kan, ebè mọ́ tónítóní, àgbàdo ti ń yọ. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti fẹ́ kọ ọ́ pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Mo ní kó dúró. Mo lọ sídìí ọ̀pẹ, mo wá ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Ó dé ọrùn mi.

Bàbá náà ń wò mí. "Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi?"

"Ìyá mi àgbà ni, sà."

"Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n?"

"Rárá o, bàbá. Àgbẹ̀ tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ ni."

Mo wá béèrè orúkọ tiẹ̀, mo sì kọ ọ́.