Ọjọ́ Tí Ògiri Ilé Ìdáná Wa Fẹ́ Wó

Òórùn igi tútù tí káfíńtà ń rẹ́ lẹ́yìnkùlé mi ló gbé mi padà sí Ọ̀tà, sí ọ̀sán ọjọ́ tí ògiri ilé ìdáná wa fẹ́ wó.

Òjò ti rin amọ̀ rẹ̀ gbingbin. Bàbá mi ń fi igi gbé e ró, Màámi sì ń fi ọwọ́ méjèèjì tì í lẹ́yìn. Èmi jókòó lórí àpótí, mo gbé síléètì lé itan. Tíṣà ní ká wá ìtumọ̀ mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan, sọ́pọ́ọ̀tì. Mo wo àwọn òbí mi, mo kọ ‘gbé ró’, mo kọ ‘tì lẹ́yìn’. Ó ku ẹyọ kan.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé, wọn ò tilẹ̀ wo ògiri.

“Ràmọ́tà ṣì ń lọ ilé ìwé ọ̀hún? Àwọn ènìyàn yẹn ń retí èsì o.”

Mo rò pé àwọn tó fẹ́ ra iṣu ni. Mo ti bí ọmọ méjì kí n tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n wá tọrọ.

Bàbá mi ò fi igi sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ìwé ni yóò máa lọ. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀.”

Mo kọ ‘wà lẹ́yìn ẹni’ kíákíá. Màámi rọra ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yíjú wo ògiri náà. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè.

“Sún fún mi. Ibo ni kí n dì mú?”

Bàbá mi sún, wọ́n sì jọ ti igi náà títí ògiri fi dúró.