Ojú Hidayat, Orúkọ Ajarat

Ní ọ̀wọ́ àwọn aláta nínú ọjà Mile 12, kò sí ohun tí ẹnìkan kò lè bá ẹnì kejì rẹ̀ ṣe. Bí Ajarat bá lọ kírun, Hidayat tí wọ́n jọ ń ta tàtàsé á bá a tajà. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ ní ìpàdé ẹgbẹ́, tí Hidayat kò sì tíì dé, Ajarat á jẹ́ ẹ fún un, ojú kò ní tì í. Ogún ọdún ni wọ́n ti ń bá a bọ̀. Wọn kò jà rí, àfi ọjọ́ tí ewúrẹ́ kan jẹ tàtàsé agbọ̀n kan, tí wọn kò mọ ẹni tó ni agbọ̀n.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ dìbò aṣòfin, Ajarat ti dé ibùdó ìdìbò ní Ìkòsí kí oòrùn tó mú. Ó nídìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin tó ń ṣojú wọn ti ṣèlérí gọ́tà fún àdúgbò wọn, gọ́tà kò dé. Lásìkò òjò tó kọjá, àgbàrá ya wọ yàrá Ajarat, ó gbé Labeebah, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó rí i lẹ́sẹ̀ fà padà. Ọjọ́ náà ló búra pé ìka òun wà lára ìka tí yóò lé ọkùnrin náà wálé.

Nígbà tó dìbò kẹ́yìn, ẹ̀rọ kò mọ ìka rẹ̀. Gbogbo èèyàn ní ata ló ti bó o dán. Wọ́n kọ̀wé díẹ̀ fún un, ó sì dìbò. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí pé à ń kọ̀wé. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ ìka, yóò wo ojú. Bí kò bá mọ ojú, kí onítọ̀hún máa lọ sílé.

Vivian, ọmọ àgùnbánirọ̀ tó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́, ní kó fi ìka síbẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó ní kó wo inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tún kọ̀. Vivian wo ẹ̀rọ, ó wo Ajarat.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹni yìí?"

Ajarat bẹjú wò ó. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, Hidayat ló jókòó lókè orúkọ náà, ó di ẹnu pọ̀, ó ń wò ó.

"Yéè! Mo gbé!"

Ó fa káàdì ìdìbò rẹ̀ yọ. Fọ́tò ara káàdì tó ti ń tọ́jú láti ọdún gbọọrọ dúdú bí ìdí ìkòkò. Obìnrin oníhíjáàbù kan ló máa ń rí níbẹ̀, ó sì gbà pé òun ni. Ta ni ìbá tún jẹ́?

Hidayat tó ti dìbò tirẹ̀ sáré dé. Ó wo fọ́tò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Áà, èmi mà nìyí o! Ọjọ́ tá a lọ rẹ́jísítà, wọ́n ti kọ orúkọ ẹ tán kí ọkọ̀ tàtàsé tó dé láti Kánò. O sáré lọ gba ẹrù, o ní kí n bá ẹ dúró sí àyè ẹ. Wọ́n pe Ajarat, mo bá jókòó. Mo tẹ̀ka, wọ́n ya fọ́tò. Ọjọ́ kejì ni mo lọ ṣe tèmi."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Kí ni màá sọ? Mo bá ẹ parí ẹ̀ ni. Ṣebí bá a ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

Kò sí èké kankan lójú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ya Ajarat lẹ́nu jù. Bí Hidayat ṣe tún tẹ̀ síwájú láti wo fọ́tò rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ rí i, ó ké pín-ìn, ó yí sí àwọ̀ ewé.

"Ó ti gbà!" Vivian ní. Lẹ́yìn náà ló rí tàdáwà lọ́wọ́ Hidayat. "Àh, Mummy, ẹ̀yin ti dìbò. Ẹ ò lè dì í lẹ́ẹ̀mejì."

"Èmi ńkọ́?" Ajarat béèrè.

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ yín, ma. Ẹ má bínú."

Àwọn aláta mẹ́sàn-án tó wà lórí ìlà fariwo ta: "Àwa mọ̀ ọ́n! Ajarat nìyí!" Lọ́jà, ẹnu mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀ tó láti dá tírélà dúró. Níbí, Vivian kàn pe ẹni tó kàn ni.

Hidayat tẹ̀ lé Ajarat jáde, ó ń bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀rẹ́ mi, má bínú. Tèmi ṣáà ti wọlé, ká kà á sí ti àwa méjèèjì."

Ajarat dúró. "Ta lo tẹ̀ka fún?"

"Ẹni tó wà lórí àlééfà náà ni. Ó fún wa ní ìrẹsì nígbà Iléyá. Ọ̀dọ̀ tiwa sì ga, àgbàrá kì í débẹ̀." Hidayat wo ojú rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe òun nìwọ náà fẹ́ ni?"

Ajarat wo káàdì ọwọ́ rẹ̀. Ogún ọdún ni Hidayat ti ń bá a jẹ́ orúkọ, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í ní ohun tó fẹ́.