Sùtánà Ìyá Mi Lórí Okùn

Iléeṣẹ́ mànàmáná tó ń fi èédú inú ilẹ̀ dáná wà lẹ́yìn oko kòkó wa, lọ́nà Òwènà. Tí atẹ́gùn bá ti ibẹ̀ fẹ́ wá, eérú dúdú á bà lé kòkó tí a sá, á bà lé omi, á bà lé aṣọ. Àwa ará àdúgbò ní kí wọ́n pa á tì, kí wọ́n fi sólà rọ́pò rẹ̀. Oòrùn tó ń mú kòkó wa gbẹ lórí àpáta, ṣé kò lè tan gílóòbù ni?

Ìgbìmọ̀ kan fẹ́ ti Àkúrẹ́ wá gbọ́ ẹjọ́ wa. Tí a bá ní ẹ̀rí, wọ́n á gbé e dé iwájú ìjọba. Tí a kò bá ní, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Èmi ni wọ́n fi ṣe agbẹnusọ, torí pé mo ti jáde yunifásítì, n kò sì tíì ríṣẹ́.

Sùtánà ìyá mi ni mo fọkàn sí pé yóò jẹ́ ẹ̀rí wa. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ṣùgbọ́n ìyá mi ti dẹ́kun lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí eérú tó bo aṣọ náà. Ó gbà láti yá mi ní aṣọ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e, n kò tú u wò, òun náà sì tẹ̀lé mi lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé tó wà lẹ́bàá oko kòkó.

Iwájú ìgbìmọ̀ ni mo ti tú u. Funfun báláú! Ó ti fi búlúù fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ń ta sánsán.

Aṣojú iléeṣẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín. "Sístà, eléyìí lẹ ní ó dọ̀tí? Ó mọ́ ju ṣẹ́ẹ̀tì mi lọ o! Màmá, ẹ bá mi fọ tèmi náà."

Àwọn èèyàn wa pàápàá rẹ́rìn-ín. Mo ń tijú nítorí ìyá mi, mo sì tún ń tijú pé mò ń tijú nítorí rẹ̀.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ fi fọ̀ ọ́?" Mo rọra bi í.

Òun kò rọra dáhùn. "Ṣé kí n kó aṣọ Olúwa tó dọ̀tí wá síwájú àlejò ni? Ta ló tọ́ mi bẹ́ẹ̀?"

Obìnrin tó ṣe olórí ìgbìmọ̀ bi í pé, "Màmá, ibo lẹ máa ń sá a sí?"

"Ìta ni. Ṣé inú ilé ni tiyín máa ń gbẹ sí?"

"Ẹ bá wa sá a síta nígbà náà, ká máa bá ìpàdé lọ. A ó wò ó tí a bá parí."

Ìyá mi wò mí. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan aṣọ náà, ó gbé e jáde, ó sá a sórí okùn kan tó wà níwájú fèrèsé.

Mo ka ọ̀rọ̀ wa nípa sólà, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ni ojú mi wà. Ewé kan kò mì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí atẹ́gùn fẹ́. Aṣọ tí ìyá mi wọ̀ kúnlẹ̀ gbàdúrà fún mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń ṣèdánwò ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó bàjẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń tọrọ, n kò sì dákẹ́.

Nígbà tó yá, atẹ́gùn fẹ́ wá láti ìhà iléeṣẹ́ náà, ewé kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Nígbà tí a jáde, eérú ti bà lé èjìká sùtánà náà. Olórí ìgbìmọ̀ fi ìka nù ún, ilà dúdú gùn lójú aṣọ. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní òun yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjọba fúnra òun. Aṣojú iléeṣẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn èèyàn wa ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo, "Agbẹnusọ! Agbẹnusọ!"

Ìyá mi kò pàtẹ́wọ́. Ẹsẹ̀ lásán ló ṣì wà.

"Wá bá mi di apá kejì mú," ló wí fún mi, "kó má kan ilẹ̀."

Mo dì í mú. A ká a pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ wa fi pàdé, n kò lè gbójú sókè wò ó.