Ilẹ̀kùn Apá Ọ̀tún

Bí ẹ bá béèrè Sùrájù ní Ajégúnlẹ̀ lọ́dún 1973, wọn á kọ́kọ́ bi yín pé Sùrájù wo, torí Sùrájù pọ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀fọn lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lè pè é ní Sùrájù Ilẹ̀kùn, ẹni tí ẹ bi á nawọ́ sí ilé rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orúkọ náà kì í ṣe oyè, kì í sì í ṣe èébú. Iṣẹ́ tó ń ṣe lórí alùpùpù ni wọ́n fi sọ ọ́, kò sì dùn mọ́ ọn nínú rárá.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, mẹ́káníìkì ni ní wáàfù Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ agbẹ́rù ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú, ó di eléré. Iyanrìn kan wà lẹ́yìn àwọn àgbá epo ńlá ńlá, iyanrìn tí wọ́n fà jáde láti inú ọ̀sà láti fi sọ irà di ilẹ̀. Kí àwọn tó ni ín tó mọ ohun tí wọ́n máa kọ́ sórí rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù ti fi pákó àpótí ẹrù ṣe ọgbà yí i ká, wọ́n ti sọ ọ́ di pápá eré alùpùpù. Ẹni mẹ́rin ló ń sáré lẹ́ẹ̀kan, méjì láti ẹgbẹ́ kan, méjì láti ẹgbẹ́ kejì. Wọn á yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin, apá òsì ni wọ́n á sì máa yà sí títí tí eré á fi parí. Ẹni tó ṣe kìíní gba máàkì mẹ́ta, ẹnì kejì méjì, ẹnì kẹta ọ̀kan, ẹni ìkẹyìn gba eruku. Alùpùpù wọn kò ní ìjánu. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ: kò ní ìjánu. Bàtà irin tí Sùrájù fi àfọ́kù irin ọkọ̀ ojú omi rọ ni wọ́n ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ òsì, òun ni wọ́n sì ń wọ́ nílẹ̀ ní kọ́nà, kí ẹ̀yìn alùpùpù lè yọ̀ yíká.

Azubuike, àgbà mẹ́káníìkì tó gba Sùrájù síṣẹ́, ni ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn. Ọkùnrin náà kò gun alùpùpù ju kó lọ ra búrẹ́dì lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n eré kún orí rẹ̀. Á fi ẹfun ya pápá sára pátákó, á máa ṣàlàyé fún wọn pé ẹni méjì tó ń sáré bí ẹnì kan á na ẹni méjì tí oníkálukú ń sáré tirẹ̀. Onoriode, ọmọ Ùròbò tó ń ru ẹrù ní wáàfù, ló fi sí inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà funfun tó yí àárín pápá ká, torí bí okùn tí wọ́n ta síwájú wọn bá ti fò sókè pẹ́nrẹ́n, kò sẹ́ni tó ń yára jáde bíi tirẹ̀. Sùrájù ló fi síta, lápá ọ̀tún Onoriode, lẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìta kọjá á pàdé táyà Sùrájù, á sì padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni orúkọ Ilẹ̀kùn ti wá.

Òfin kan ṣoṣo ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Ní kọ́nà kẹta, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀, Onoriode á yí orí sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan. Bó bá rí táyà iwájú Sùrájù, á mọ̀ pé ààbò wà lẹ́yìn òun, á jẹ́ kí alùpùpù rẹ̀ yọ̀ jáde kúrò lórí ìlà funfun, torí ọ̀nà yẹn ló yá jù. Bí kò bá rí i, a jẹ́ pé Sùrájù ti ṣubú nìyẹn, tàbí wọ́n ti kọjá rẹ̀. Kíá, á padà sórí ìlà láti dí ọ̀nà inú mọ́ ẹni tó ń bọ̀. Nínú ariwo yẹn, kò sí ohùn tí èèyàn lè fi bá èèyàn sọ̀rọ̀. Wíwò yẹn ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n na àwọn ará Pọtakọ́tì, wọ́n na àwọn ará Kùtọnu tó fi ìgbéraga wá. Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, yàrá wọn kọjú síra. Onome, ìyàwó Onoriode, kì í se ọbẹ̀ ẹyìn kó má bu ti Sùrájù, tó ṣì jẹ́ àpọ́n. Á ní kí Brọ̀dá Sùrájù jẹun kó sanra, kí obìnrin lè rí i fẹ́.

Ṣùgbọ́n bí eré bá parí, Onoriode ni wọ́n ń gbé sórí ejìká. Ta ló ń kí ilẹ̀kùn kó tó wọlé? Sùrájù á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, á máa gbọn iyanrìn kúrò létí, á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé inú. Ìlara ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń jowú rẹ̀, inú kan náà ló gba méjèèjì.

Nígbà tó di ìparí ọdún 1974, ìròyìn dé pé ẹgbẹ́ kan ń bọ̀ láti Gánà. Òyìnbó kan náà ń bọ̀, ẹni tó ń wá eléré fún ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Azubuike ní òyìnbó náà á wòran, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ Àpápá ló máa mú lọ. Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun Sùrájù mọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Láti kékeré ló ti ń wo ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ, kò sì wọ ọ̀kankan rí àfi láti lọ tún ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣe kó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ lọ. Ó fẹ́ ẹ débi pé kò lè sọ ọ́ lẹ́nu, pàápàá létí Onoriode.

Ọjọ́ eré pé, oòrùn ń ta, èrò kún orí ọgbà títí kan òrùlé ọkọ̀ akẹ́rù. Azubuike pín àwọn méjèèjì mọ́ àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ ní àwọn eré àkọ́kọ́, kó lè fi àpapọ̀ wọn pa mọ́ de eré ìkẹyìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Sùrájù kò ṣe ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ó sáré tirẹ̀, ó sáré dáadáa, ẹnu sì ya òun fúnra rẹ̀. Nígbà tó ku eré kan, àwọn ará Gánà fi máàkì méjì ṣíwájú. Onoriode ní máàkì mọ́kànlá. Sùrájù náà ní mọ́kànlá.

Azubuike pe àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Onoriode, máa lọ. Sùrájù, ti ilẹ̀kùn," ni ó wí. "Bí ẹ bá jọ wọlé síwájú wọn, a ti nà wọ́n nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe kìíní nínú yín kò kàn mí."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló wọ Sùrájù létí, kò sì jáde mọ́. Bí kò bá kan ọ̀gá, kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ òun? Ẹgbẹ́ á borí náà ni. Kò sẹ́ni tí òun máa rẹ́ jẹ. Bó ṣe ń wí lọ́kàn nìyẹn bó ṣe ń so akoto mọ́rí, ó sì dà bí òtítọ́ lójú rẹ̀.

Okùn fò sókè. Onoriode jáde bó ṣe máa ń jáde, Sùrájù tẹ̀ lé e lápá ọ̀tún, àwọn ará Gánà méjèèjì wà lẹ́yìn wọn. Ní ìyípo kìíní, Onoriode wo ọ̀tún, ó rí táyà, ó yọ̀ jáde. Ìkejì, bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Sùrájù rí àyè tó ṣí sílẹ̀ nínú, láàárín ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ìlà funfun, àyè tó fẹ̀ tó alùpùpù kan. Nítorí tirẹ̀ ni Onoriode ṣe ṣí àyè náà sílẹ̀, torí pé ó fọkàn tán an.

Ó ti ṣírò rẹ̀. Á jẹ́ kí Onoriode wò, kó rí táyà òun. Bó bá ti yí ojú padà síwájú, òun á fi apá ọ̀tún sílẹ̀, òun á gba inú kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan ni Onoriode máa ń wò. Láti ọdún mẹ́ta, kò wo ẹ̀ẹ̀mejì rí.

Wọ́n wọ kọ́nà kẹta ní ìyípo ìkẹyìn. Onoriode wò, ó rí i, ó yọ̀ jáde. Sùrájù já sápá òsì, ó fún alùpùpù ní gbogbo iná tó ní. Ìgbà náà ni Onoriode tún yí orí sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kejì. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti ṣe, ó padà sórí ìlà funfun.

Táyà Sùrájù gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Onoriode ṣubú pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì lábẹ́, bàtà irin há sínú iyanrìn, ọmọ Gánà tó wà lẹ́yìn kò sì ní ìjánu tó lè fi dúró. Ó gun ẹsẹ̀ náà kọjá. Sùrájù mì lọ mì bọ̀, kò ṣubú. Ó gba ìlà ìparí kọjá ní ipò kìíní, eruku sì bo gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú eruku yẹn, ohun tí èrò rí ni ọmọ Gánà tó gun èèyàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò. Azubuike ló fara bo ọmọkùnrin náà títí tó fi tì í mọ́ inú ibi iṣẹ́, ọmọkùnrin náà sì ń sunkún, ó ń wí pé òun kò rí nǹkan kan, pé ṣe ni Onoriode kàn ṣubú síwájú òun. Sùrájù dúró síbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gba ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Kò sọ ọ́. Mi ò lè bá a wá àwáwí kankan sí ìyẹn.

Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Ojoojúmọ́ ni Sùrájù ń lọ, tó ń gbé omi, tó ń fọ aṣọ, Onome sì ń gbàdúrà fún un pé irú ọ̀rẹ́ báyìí kò wọ́pọ̀. Àdúrà náà ń gún un bí abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Onoriode lè sọ̀rọ̀.

"Mo wò ẹ́ lápá ọ̀tún," ló wí. "Mo tún wò ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò rí ẹ."

"Ẹ̀rọ mi ló fẹ́ kú," ni Sùrájù dáhùn. "Mo rẹ̀yìn díẹ̀."

Onoriode wò ó. "Àwọn ọmọ yẹn ti sún mọ́ ẹ jù, ló jẹ́ kí n tún wò. Mo rò pé o ti ṣubú ni. Àyà mi já."

Ó yí ojú sí ògiri.

Àpápá pàdánù eré náà, ṣùgbọ́n máàkì Sùrájù ló pọ̀ jù, òyìnbó sì mú un lọ ní oṣù kẹta ọdún 1975. Eré mẹ́fà ló sá níbẹ̀. Kọ́nà ló ṣe é. Bí ẹnì kejì rẹ̀ bá yọ̀ jáde díẹ̀, tí àyè ṣí nínú, ọwọ́ rẹ̀ á dín iná alùpùpù kù fúnra rẹ̀ kí orí tó mọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lára òpó. Ó ń ṣe ìkẹyìn, ó ń ṣe ìkẹyìn ṣáá. Kí ọdún tó dé ìdajì, wọ́n ti dá a padà. Ó sọ fún àwọn ará Ajégúnlẹ̀ pé òtútù ni kò bá òun lára mu.

Nígbà tó dé, wọ́n ti kọ́ ilé ìkẹ́rù sórí iyanrìn náà. Onoriode ti di ẹni tó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé. Ó máa ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ kan ló ń ṣe bàtà fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Sùrájù padà sídìí ẹ̀rọ agbẹ́rù, ó sì sọ sísin Onoriode kiri di iṣẹ́ kejì. Kò sí ibi tí Onoriode ń lọ lórí igi ìtilẹ̀ rẹ̀ tí Sùrájù kì í bá a lọ. Apá ọ̀tún ló sì máa ń wà, ìgbà gbogbo. Onome tilẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan.

"Brọ̀dá Sùrájù, apá ibi tí ẹsẹ̀ kò sí ló yẹ kẹ́ ẹ máa dúró sí. Bó bá fẹ́ ṣubú, òsì ló máa ṣubú sí."

Ó ní ó ti mọ́ òun lára ni. Kò lè dúró sápá òsì. Òsì ló gbà yọ sí Onoriode lọ́jọ́ eré náà.

Ní oṣù keje ọdún 1978, òjò rọ̀ tí omi gba gbogbo àdúgbò. Àwọn ará ilé tẹ́ pákó tóóró láti ẹnu ọ̀nà dé ojú títì. Onoriode fẹ́ lọ gba awọ bàtà, ó gun pákó náà, Sùrájù sì wọ inú omi dé orúnkún lápá ọ̀tún rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. Ní àárín pákó, Onoriode dúró. Ó yí orí sápá òsì, ó wò ó pẹ́, níbi tí kò sí ohunkóhun ju omi dúdú lọ.

"Apá ọ̀tún ni mo wà," ni Sùrájù wí. "Mo wà níbí."

"Mo mọ̀," ni Onoriode dáhùn, kò bínú, kò sì bojú wò ó. "Láti ọjọ́ yẹn, apá òsì ni mo máa ń wò."

Ó tẹ igi ìtilẹ̀ rẹ̀ mọ́ pákó, ó ń lọ. Sùrájù dúró sínú omi pẹ̀lú ọwọ́ tó nà sílẹ̀, kò sì mọ apá ibi tó yẹ kó gbà tẹ̀ lé e.